Ta ló lé èrò kúrò ní Coliseum? Bí Oakland ṣe pàdánù Athletics

Bí ẹ bá wo aṣọ eré tí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Athletics ń wọ̀ láti ọdún 2025, ẹ ó rí àmì Sacramento ní apá kan, ẹ ó rí ti Las Vegas ní apá kejì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ìpínlẹ̀ kankan. Athletics lásán ni. Nínú ẹgbẹ́ 30 tó wà ní líìgì àgbà Amẹ́ríkà, òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá Sacramento ló ti ń gbá, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọmọ ibẹ̀. Las Vegas ló ń lọ, pápá tó fẹ́ wọ̀ níbẹ̀ kò tíì parí. Oakland ní California, níbi tó ti lo sáà 57, ló ti kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ni wọ́n gbá èyí tó kẹ́yìn ní Oakland. Èrò 46,889 kún pápá Coliseum lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Rickey Henderson àti Dave Stewart, agbábọ́ọ̀lù Athletics àtijọ́ tí ìlú náà tọ́ dàgbà, ni wọ́n pè láti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Athletics na Texas Rangers 3-2. Nígbà tí eré parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé. Mark Kotsay, olùkọ́ni ẹgbẹ́, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì ní kí gbogbo wọn jọ kígbe orúkọ Oakland lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n kígbe. Àwọn kan bu erùpẹ̀ pápá náà lọ sílé.

Ìlú tí wọ́n ní kì í wá wòran ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbèjà kíkó tí wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn: èrò ò sí ní Coliseum. Lóòótọ́, èrò ò sí mọ́ ní ọdún bíi mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú? Ṣé èrò ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ ni, àbí ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí èrò? Mo ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, ìdáhùn mi sì dá mi lójú.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ló ń wò, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ibẹ̀ jẹ́ dúkìá ẹni tó rà á, bí ilé tàbí ilẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kó o lọ sí ìlú mìíràn, àwọn tó ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ló máa dìbò, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn bá sì ti gbà, ó parí. Wọn kì í dìbò pẹ̀lú ará ìlú. Kò sí pé ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú já sí ìpele ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tuntun kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè wá. Ìlú tó ń fẹ́ ẹgbẹ́ sì pọ̀ ju ẹgbẹ́ tó wà lọ, nítorí náà ìlú ló ń bẹ̀, ìlú ló ń fi owó lọ̀. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Wimbledon kó lọ sí Milton Keynes ní ọdún 2003, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ṣáájú kó tó lọ, ìbínú yẹn kò sì tíì tán. Ní Amẹ́ríkà, ọjà ojoojúmọ́ ni. Dodgers fi Brooklyn sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 1957. Ní 1971, àwọn ará Washington bínú débi pé wọ́n ya wọ inú pápá kí eré ìkẹyìn Senators tó parí, adájọ́ eré sì fún àwọn tó wá bá wọn gbá ní ìjáwé olúborí. Expos kúrò ní Montreal lẹ́yìn sáà 2004. Láti ìgbà náà, kò tún sí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àgbà tó ṣí nípò, àfi Athletics yìí.

Athletics fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Oakland láti ìbẹ̀rẹ̀. Philadelphia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1901, ibẹ̀ ni Connie Mack ti darí rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Ní 1955, wọ́n kó o lọ sí Kansas City. Ó lo ọdún 13 níbẹ̀, kò sì sí sáà kan ṣoṣo tí ìjáwé olúborí rẹ̀ pọ̀ ju ìpàdánù rẹ̀ lọ. Charlie Finley, tó ni ẹgbẹ́ náà nígbà náà, ló kó o wá sí Oakland ní 1968, inú sì bí sẹ́nétọ̀ Missouri, ìpínlẹ̀ tí Kansas City wà, Stuart Symington, sí Finley débi pé ó ní Oakland ni ìlú tó ríre jù lọ láti ìgbà Hiroshima. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ irú ẹni tí Oakland gbà lálejò.

Finley mọ agbábésíbọ́ọ̀lù í yàn. Reggie Jackson, Catfish Hunter, Rollie Fingers, Vida Blue: àwọn wọ̀nyí ló gba World Series, ife tó ga jù nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fún un ní 1972, 1973 àti 1974, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. (Ọmọdé Oakland kan tó ń bá wọn gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù nígbà náà ni wọ́n sọ ní Hammer, nítorí pé ó jọ Hank Aaron, agbábésíbọ́ọ̀lù ńlá tó ń jẹ́ ìnagijẹ yẹn. Òun náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí MC Hammer, olórin ráàpù.) Ṣùgbọ́n nígbà tí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Finley jẹ́ kí wọ́n tú ká, ó sì ń wá ẹni tó máa ra ẹgbẹ́ náà lọ sí Denver. Kí ni ará ìlú ṣe? Wọ́n jókòó sílé. Ní ọdún 1979, èèyàn 306,763 péré ló wá ní gbogbo sáà, kò tó 4,000 fún eré kan. Ọjọ́ kan wà ní oṣù Kẹrin ọdún náà tó jẹ́ pé èèyàn 653 ni wọ́n kà nínú pápá ńlá yẹn.

Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí ohun tó tẹ̀lé e ni ẹ̀rí tí mo gbójú lé jù. Ní 1980, ìdílé Haas, àwọn tó ni Levi's tó ń ṣe ṣòkòtò jíìnsì, ra ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ Finley. Ìlú kan náà ni. Pápá kan náà ni. Walter Haas náwó sórí agbábọ́ọ̀lù, ó náwó sórí àwọn ọ̀dọ́ ìlú, ó sì jẹ́ kó hàn sí gbogbo èèyàn pé kò síbi tí òun ń lọ. Rickey Henderson, tó ti jí ibùdó 130 gbà (ìyẹn ni pé ó sáré gba ibùdó tó kàn láìdúró kí ẹnìkejì gbá bọ́ọ̀lù) nínú sáà kan ṣoṣo ní 1982, padà wálé láti New York ní 1989. Lọ́dún yẹn ni wọ́n pàdé San Francisco Giants, aládùúgbò wọn tó wà ní òdìkejì omi, nínú World Series. Ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, kí eré kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Afárá wó, èèyàn kú, eré dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n padà, Athletics na Giants 4-0 lápapọ̀. Ní 1990, èèyàn 2.9 mílíọ̀nù ló wá sí Coliseum. Láti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta ó dín díẹ̀, láàárín ọdún 11. Ta ló wá lè sọ pé Oakland kì í wòran?

Ìwà rere Haas kan wà tó padà di okùn lọ́rùn ẹgbẹ́ náà. Ní nǹkan bí 1990, Giants fẹ́ kọ́ pápá sí agbègbè San Jose, wọ́n sì wá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Haas kí ilẹ̀ náà lè wà lábẹ́ wọn. Ó yọ̀ǹda, kò gba kọ́bọ̀. Àwọn olùdìbò ibẹ̀ kọ̀ fún Giants, Giants dúró sí San Francisco, ṣùgbọ́n wọn ò dá àṣẹ padà. Nígbà tó di pé Athletics náà fẹ́ lọ sí San Jose ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, Giants ní ilẹ̀ àwọn ni. San Jose gbé líìgì lọ sílé ẹjọ́ ní 2013. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní láti 1922 pé òfin tó dá àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ kọ́ láti gbìmọ̀ pín ọjà láàárín ara wọn kò mú bésíbọ́ọ̀lù, ó sì kọ̀ láti tún un gbọ́ ní 2015. Oore tí igún ṣe tó fi pá lórí, tí àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀, òun ni Haas ṣe fún Giants.

Pápá náà sì ń darúgbó. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ Alameda kọ́ ìjókòó gàgàrà kan sí i láti fi tan Raiders, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, padà wálé láti Los Angeles. Ìjókòó náà, tí àwọn èèyàn ń pè ní Mount Davis nítorí Al Davis tó ni Raiders, dí ojú òkè Oakland tí òǹwòran bésíbọ́ọ̀lù ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kan la ṣe é fún, ẹgbẹ́ kejì ló bà jẹ́ fún, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn ará ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Raiders tún lọ ní 2020, Las Vegas náà ló lọ. Golden State Warriors ti sọdá sí San Francisco ní 2019. Ní 2013, omi ìdọ̀tí ya wọ yàrá tí àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù ti ń múra. Mi ò ní purọ́ pé pápá náà dára. Ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé nígbà náà, wọn ò tún un ṣe bó ti yẹ, ìyẹn ẹ̀bi tiwọn.

Ní 2005, Lew Wolff àti John Fisher, ọmọ àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Gap sílẹ̀, ra Athletics. Wọ́n kéde Fremont ní 2006, wọ́n pa á tì ní 2009. San Jose ni mo ti sọ tán yẹn. Fisher di ẹni tó ń darí gbogbo rẹ̀ ní 2016. Ní 2017, wọ́n mú ibì kan nítòsí Laney College, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ náà dá ìjíròrò dúró kí ọdún tó parí. Ní 2018, wọ́n mú Howard Terminal ní etí omi.

Howard Terminal ni ọkàn ìlú fi lé. Pápá tó gba 35,000 èèyàn nìkan kọ́ ni Fisher fẹ́ kọ́ síbẹ̀: ilé gbígbé 3,000, ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀ tó bílíọ̀nù 12 dọ́là. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ò fẹ́ ẹ, nítorí ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà ni. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 2021, ìgbìmọ̀ ìlú Oakland dìbò 6-1 pé àwọn fọwọ́ sí ètò kan. Ẹgbẹ́ náà dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ètò tí wọ́n dìbò fún kì í ṣe èyí tí àwọn fẹ́. Oṣù méjì ṣáájú ìbò yẹn, líìgì ti ní kí ẹgbẹ́ náà máa wá ìlú mìíràn. Àwọn aṣojú rẹ̀ ń wọ bàálù lọ sí Las Vegas, wọ́n ń padà wá jókòó pẹ̀lú Oakland. Ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ṣùgbọ́n Oakland ń nájà pẹ̀lú ẹni tí ojú rẹ̀ ti wà ní ìsọ̀ kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa nìyí. Ẹgbẹ́ náà borí nínú eré 97 ní 2018, ó tún borí nínú 97 ní 2019. Èrò tó wá ní 2019 lé ní mílíọ̀nù kan àti 600,000. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, eré kan ṣoṣo tí wọ́n gbá pẹ̀lú Tampa Bay lẹ́yìn sáà láti mọ ẹni tó máa tẹ̀síwájú gba èèyàn 54,005, nínú pápá tí wọ́n ní kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn sáà 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Matt Olson lọ sí Atlanta, Matt Chapman lọ sí Toronto, Chris Bassitt lọ sí ọ̀dọ̀ Mets, Sean Manaea lọ sí San Diego. Olson yìí kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù kúrò ní pápá lẹ́ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́ta fún Atlanta ní 2023, kò sẹ́ni tó tó o ní gbogbo líìgì lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n ń tà wọ́n, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ń gòkè. Àwọn mìíràn rí i pé tiwọn ti di ìlọ́po méjì. Ẹ rò ó wò ná: wọ́n kó ẹran inú ọbẹ̀ tán, wọ́n wá fi owó kún owó àwo.

Ní 2022, ẹgbẹ́ náà pàdánù eré 102, èèyàn 787,902 ló wá. Ní 2023, ó pàdánù 112, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ló sì kéré jù ní gbogbo líìgì. Ẹranko kan tó jọ òkété sọ yàrá àwọn oníròyìn ẹgbẹ́ àlejò di ilé. Àwọn àwòrán ìjókòó ṣófo wá ń lọ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Oakland ò fẹ́ bésíbọ́ọ̀lù. Ohun tí Finley fà ní 1979 gan-an ni wọ́n tún fà, wọ́n wá tọ́ka sí i bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́.

Ìkánjú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Líìgì máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́rọ̀ láti fi ran àwọn tí owó wọn kò pọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ Athletics kúrò nínú àwọn tó ń gba ìrànwọ́ yìí, wọ́n tún dá a padà nínú àdéhùn 2022, pẹ̀lú májẹ̀mú kan: bí kò bá ní àdéhùn pápá tuntun títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2024, owó yẹn tún bọ́. Ní oṣù Kẹrin 2023, bí Oakland ṣe ń rò pé ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ náà kéde pé òun ti rí ilẹ̀ ní Las Vegas. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, wọ́n mú ilẹ̀ éékà mẹ́sàn-án níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì Tropicana wà.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn olólùfẹ́ Oakland ṣètò ohun kan tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: dípò kí wọ́n yan pápá lódì, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ayé lè rí i pé àwọn wà níbẹ̀. Èèyàn 27,759 wá wo ẹgbẹ́ tó burú jù nínú líìgì. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí: SELL, tà á. Nígbà tí ìpele karùn-ún bẹ̀rẹ̀, gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sígbe pé kí Fisher ta ẹgbẹ́ náà. Athletics borí Tampa Bay 2-1. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn sẹ́nétọ̀ Nevada ń dìbò pé kí wọ́n fún Fisher ní mílíọ̀nù 380 dọ́là láti inú àpò ìlú. Gómìnà Joe Lombardo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn tó ni ẹgbẹ́ 30 dìbò, gbogbo wọn gbà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kọ̀. Wọn ò tilẹ̀ gba owó ìṣípòpadà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ibi tí wọ́n máa wà títí pápá Las Vegas á fi parí. Oakland ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n san mílíọ̀nù 97 dọ́là fún ọdún márùn-ún. Ní oṣù Kẹrin 2024, ẹgbẹ́ náà yan Sutter Health Park ní West Sacramento, pápá ẹgbẹ́ kékeré tó gba bíi 14,000. Àwọn kan ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni. Àdéhùn tẹlifíṣọ̀n ẹgbẹ́ náà, tí ìròyìn ní ó sún mọ́ mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dún, so mọ́ agbègbè Oakland, Sacramento sì wà nínú agbègbè yẹn. Owó tí ará Oakland ń fi wíwò wọn pa wọlé ṣì wúlò fún wọn, ìlú náà ni kò wúlò mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2025 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá nílé tuntun yìí, Chicago Cubs nà wọ́n 18-3.

Ẹgbẹ́ náà ti ń dára bọ̀ o. Wọ́n ti ń náwó, wọ́n ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ wọn ní àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ. Nick Kurtz, tó gbá bọ́ọ̀lù kúrò ní pápá lẹ́ẹ̀mẹrin nínú eré kan ní oṣù Keje 2025, ló gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù ní American League, ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì tí líìgì àgbà pín sí. Inú mi dùn fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé owó tí wọ́n ní kò sí ní Oakland ti wá jáde lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Tropicana ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápá oníjókòó 33,000 síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2025, owó rẹ̀ ti ń lọ sí bílíọ̀nù méjì dọ́là, 2028 sì ni wọ́n fẹ́ kó ṣí.

Rickey Henderson kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2024, ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ọmọ ọdún 66. Kò tíì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó ju bọ́ọ̀lù ìdágbére yẹn ní Coliseum, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pè láti 2017.

Ní ìwọ̀-oòrùn Oakland, pápá ìta gbangba kan wà tó ń jẹ́ Raimondi Park. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tuntun kan, Oakland Ballers, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ní 2024 nínú Pioneer League, líìgì kékeré tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ àgbà kankan. Ìjókòó ibẹ̀ kò ju bíi 4,000 lọ. Àwọn olólùfẹ́ ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà fúnra wọn, ẹlòmíràn kó owó tí ì bá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Athletics sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ọdún kan lẹ́yìn tí Coliseum dákẹ́, Ballers gba ife Pioneer League. Láti 1989, bésíbọ́ọ̀lù kò tíì mú ife kankan wọ Oakland títí di ọjọ́ yẹn.